Kí Ọmọbìnrin Tó Di Páàdì Mú

Bí iléeṣẹ́ géèmù kan bá rí i pé àwọn ọmọkùnrin nìkan ló ń ra ọjà òun, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde nínú ìpàdé ni pé: kí ni àwọn ọmọbìnrin fẹ́? Ìbéèrè náà dùn ún gbọ́, ó sì jọ ti ẹni tó ka oníbàárà sí. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń bi í ní Amẹ́ríkà, ní Japan àti ní Yúróòpù, ìdáhùn tó sì ń tìdí rẹ̀ jáde kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà: ẹ kùn ún ní píǹkì, ẹ fi aṣọ àti àtíkè sí i, ẹ yọ ìbọn kúrò, ẹ jẹ́ kó rọrùn. Lójú tèmi, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi iṣẹ́ géèmù jẹun, ìbéèrè yẹn gan-an ló wọ́. Ó ti gbà pé ọmọbìnrin dúró síta nítorí pé ohun tó wà nínú ilé kò wù ú. Èyí tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé: kí ló ń dí i lọ́nà kó tó dé ìdí eré rárá? Ẹni tó bá fi ojú ìbéèrè kejì yìí wo ìtàn géèmù yóò rí i pé àwọn géèmù tó fa obìnrin mọ́ra jù lọ, díẹ̀ ni wọ́n dìídì ṣe fún obìnrin nínú wọn. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹnì kan ló mú ìdènà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ tàbí kò mọ̀ọ́mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Japan ní 1980. Ilé géèmù ìgbà náà, níbi tí wọ́n ti ń ju owó ẹyọ sínú ẹ̀rọ, ibùjókòó àwọn ọkùnrin ni. Láti ìgbà tí Space Invaders ti jáde ní 1978 ni ìbọn yíyìn sí àwọn àjèjì ojú ọ̀run ti gba ibẹ̀ kan. Toru Iwatani, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní iléeṣẹ́ Namco, fẹ́ kí àwọn obìnrin àti àwọn olólùfẹ́ tó jọ jáde náà máa wọlé síbẹ̀. Ohun tó gbé jáde ni Pac-Man: ẹnu kan tó ń jẹ kiri nínú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ, tí iwin mẹ́rin tí àwọ̀ wọn ò jọra ń lé e. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì kankan tí èèyàn ń tẹ̀ nínú eré náà. Ọ̀pá kan péré ló wà níbẹ̀, ẹ tì í sókè, ẹ fà á sísàlẹ̀, ẹ yà á sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ géèmù rí á ti mọ ohun tó yẹ kóun ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá sì jẹ ọ̀kan nínú àwọn hóró ńlá mẹ́rin tó wà ní igun, ẹni tí wọ́n ń lé á di ẹni tó ń léni. Eré náà le, ó le gan-an bó bá ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n inú eré ni ìnira rẹ̀ wà, kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Dona Bailey, pẹ̀lú Ed Logg, ṣe Centipede fún Atari ní California. Ìbọn ni géèmù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọ̀kùn gígùn kan ń wọ́ bọ̀ láàárín olú, ìwọ ń yìnbọn lù ú. Síbẹ̀ àwọn obìnrin fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àwọn àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tutù lójú, bọ́ọ̀lù kan ni wọ́n sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí dípò ọ̀pá tí wọ́n ń fi agbára fà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìbọn ló ń lé obìnrin sá, kó kọ́kọ́ ṣàlàyé Centipede fún wa.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ní 1983, ọjà géèmù dẹnu kọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Géèmù tí kò dára ti pọ̀ ju ẹni tó fẹ́ rà á lọ, ẹrù sì há mọ́ àwọn onílé ìtajà lọ́wọ́. Nígbà tí Nintendo fẹ́ kó ẹ̀rọ tirẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè náà ní 1985, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò fẹ́ gbọ́ orúkọ géèmù sétí mọ́. Wọ́n fi róbọ́ọ̀tì kékeré kan tì í, wọ́n ní ohun ìṣeré ọmọdé ni, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí àyè wọ àwọn ilé ìtajà ohun ìṣeré. Àmọ́ àwọn ilé ìtajà wọ̀nyẹn ti pín sí méjì tipẹ́: apá kan fún ọkùnrin, níbi tí ọkọ̀ àti róbọ́ọ̀tì wà, apá kejì fún obìnrin, níbi tí ọmọláńgidi wà. Ohunkóhun tó bá wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lápá kan, géèmù sì bọ́ sápá ọkùnrin. Láti ibẹ̀ ni ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọkùnrin sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ṣe géèmù ń wo ojú ẹni tó ń rà á, wọ́n sì ń ṣe èyí tí yóò tún wù ú sí i. Àwọn ọmọ tó sì dàgbà nídìí rẹ̀ ló padà wá di òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ géèmù. Kò sí ìpàdé kankan tí wọ́n ti panu pọ̀ pé kí ọmọbìnrin jáde. Ètò pẹpẹ ìtajà ló ṣe é. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ohun tí ọjà dá sílẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan ni a wá ń pè ní àdámọ́ lónìí.

Ó tó ọdún mẹ́wàá kí àwọn oníṣòwò tó tún rántí ọmọbìnrin. Ní 1996, Mattel tó ni ọmọláńgidi Barbie gbé Barbie Fashion Designer jáde, ó sì tà ju 500,000 lọ láàárín oṣù méjì. Ẹnu ya àwọn oníṣẹ́ géèmù. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn rí kọ́ níbẹ̀ ni orúkọ Barbie àti àwọ̀ píǹkì, wọ́n sì ṣì í kọ́. Ohun tí ọmọ ń ṣe nínú géèmù yẹn ni pé á yan irú aṣọ tó fẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, á mú àwọ̀ àti ọnà tó bá wù ú sí i, lẹ́yìn náà á ki aṣọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bébà bọ inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Aṣọ náà á jáde pẹ̀lú ọnà lára, ọmọ á gé e, á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, á sì wọ̀ ọ́ fún ọmọláńgidi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà di irinṣẹ́ fún eré tí ọmọ náà ti mọ̀ dunjú tẹ́lẹ̀. Kò sí òfin àjèjì kan tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ há sórí. Kaveri Subrahmanyam àti Patricia Greenfield, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé, tọ́ka sí irú nǹkan báyìí nínú ìwé From Barbie to Mortal Kombat tó jáde ní 1998. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ jẹ èrè Barbie kó píǹkì, wọ́n fi irinṣẹ́ sílẹ̀.

Ti Brenda Laurel yàtọ̀, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un títí dòní. Ní ibùdó ìwádìí Interval Research ní Palo Alto, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá nǹkan bí 1,000 ọmọ lẹ́nu wò lórí bí wọ́n ṣe ń ṣeré, ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ Purple Moon sì ti yọ jáde ní 1996. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Rockett's New School dé ọjà. Rockett jẹ́ ọmọbìnrin kíláàsì kẹjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé tuntun. Bí ọmọ kíláàsì kan bá sọ̀rọ̀ sí i, tàbí tí kò mọ ẹni tí ì bá jókòó tì, eré á dúró, ẹni tó ń gbá géèmù náà á sì gbọ́ oríṣiríṣi ohun tó ń lọ lọ́kàn rẹ̀: ṣé kó gboyà ni, ṣé kó fà sẹ́yìn, ṣé kó fèsì pẹ̀lú ìbínú. Èyí tó bá yàn ni ìtàn á gbà lọ. Ó tún lè ṣí àpótí àwọn ọmọ ilé ìwé láti wo ohun tí wọ́n kó pa mọ́. Àwọn akọ̀ròyìn géèmù kan ní èyí kì í ṣe géèmù. Àwọn obìnrin kan náà sì bínú pé ó ń dá ọmọbìnrin padà sídìí ọ̀rọ̀ ta-ló-ń-bá-ta-ṣọ̀rẹ́. Mi ò gbà pẹ̀lú ìkíní rárá, nítorí pé ó gba ọgbọ́n láti mọ ohun tí èèyàn yóò ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ. Ìkejì ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ní February 1999, Purple Moon kógbá wọlé, Mattel sì ra èyí tó kù. Ohun tó ṣe iléeṣẹ́ náà ní jàǹbá, lérò tèmi, ni pé ó kọ́ yàrá ọ̀tọ̀. Nínú ilé ìtajà, ẹ̀gbẹ́ Barbie ni wọ́n to ọjà rẹ̀ sí, ó sì ní láti bá òmìrán yẹn du àyè kékeré kan náà. Ọmọ tó bá sì gbá gbogbo ìtàn Rockett tán kò rí ibòmíràn tó lè gbà lọ, torí pé kò sí nǹkan kan tó so eré yẹn pọ̀ mọ́ àwọn géèmù yòókù tó kún ayé.

Ọdún kan péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 2000, ni The Sims jáde láti ọwọ́ Will Wright àti iléeṣẹ́ Maxis. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ti obìnrin ni. Láti inú èrò géèmù ilé kíkọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn èèyàn kéékèèké tó ń gbé inú ilé náà tó di kókó rẹ̀. O lè dá ọkùnrin tàbí obìnrin síbẹ̀, o lè fẹ́ kí wọ́n fẹ́ra, o lè kọ́ ilé lásán láìbìkítà fún ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, o sì lè jẹ́ kí iná jó ilé ìdáná wọn. Eku ọwọ́ kọ̀ǹpútà nìkan lo nílò. Kò sí òpin, kò sí ẹni tó máa bú ọ pé o kò mọ̀ ọ́n gbá. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ń gbá a, obìnrin lé ní ìdajì. Ní 2002, ó ta yọ Myst, ó di géèmù kọ̀ǹpútà tó tà jù lọ lágbàáyé títí di ìgbà náà. Ẹ fi í wé Purple Moon: ọ̀kan bi ọmọbìnrin léèrè ohun tó fẹ́, ó sì ṣe é fún un, èkejì ṣí gbogbo ọ̀nà sílẹ̀, ó ní kí oníkálùkù ṣe bó ṣe wù ú. Èkejì ló gba obìnrin tó pọ̀ jù, kò sì lé ọkùnrin lọ.

Àwọn kan á ní ẹ̀dá ló dá wọn bẹ́ẹ̀, pé bí o tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbàrọ̀gúdù, ọmọbìnrin ò ní fẹ́ géèmù ìbọn, ọmọkùnrin ò sì ní fẹ́ géèmù oko. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran: ìyàtọ̀ wà. Ní 2017, Quantic Foundry, iléeṣẹ́ ìwádìí tí Nick Yee wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, gbé àbájáde jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn agbágéèmù tó lé ní 270,000. Nínú àwọn géèmù tí wọ́n ti ń to nǹkan mẹ́ta pọ̀ àti àwọn géèmù oko, obìnrin jẹ́ 69 nínú 100. Nínú géèmù ìbọn tí o ti ń fi ojú ẹni tó ń yìnbọn wo eré, 7 péré. Nínú géèmù eré ìdárayá, 2. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwádìí náà síwájú. Nínú ẹ̀yà kan ṣoṣo, ìyẹn àwọn géèmù ìtàn akíkanjú bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, obìnrin jẹ́ 26 nínú 100 lápapọ̀. Síbẹ̀ nínú Dragon Age: Inquisition tí BioWare ṣe ní 2014, wọ́n jẹ́ 48. Idà wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, dírágónì ń tu iná. Ohun tó yàtọ̀ ni pé láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lo ti lè yan láti jẹ́ obìnrin, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ nínú ìrìn àjò sì jẹ́ èèyàn tó ní ọkàn tiwọn, tí o lè bá jiyàn tàbí kí o nífẹ̀ẹ́ wọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀dá nìkan ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí, géèmù kan kò yẹ kó jìnnà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀yà kan náà tó bẹ́ẹ̀. Yee fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ẹ̀yà tí obìnrin kò pọ̀ sí ni ó tún sábà máa ń jẹ́ ibi tí kò ti sí ẹ̀dá ìtàn obìnrin, tí èèyàn sì ní láti bá àjèjì jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ló lè sọ bóyá irú eré náà ni, tàbí àìsí ẹ̀dá obìnrin, tàbí ìjà pẹ̀lú àjèjì ló lé wọn?

Ìdènà kan tún wà tí àwa oníṣẹ́ géèmù kì í rí, torí pé ó ti wọ̀ wá lára: ọwọ́. Páàdì òde òní, ìyẹn ohun tí a ń dì mú láti fi darí géèmù, ní ọ̀pá kékeré méjì. Àtàǹpàkò òsì ló ń mú ẹ rìn, ti ọ̀tún ló ń yí ojú rẹ, àwọn ìka yòókù sì wà lórí bọ́tìnnì mẹ́rin lẹ́yìn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún méje kì í rántí pé òun kọ́ ọ. Ẹ gbé e fún ẹni tí kò dì í mú rí, ẹ ó rí i tó ń wo òkè ilé, tó ń wo ilẹ̀, tó ń fi orí gbá ògiri, tó sì ti kú lẹ́ẹ̀mẹta kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dá páàdì padà pẹ̀lú ẹ̀rín, á ní òun kì í ṣe èèyàn géèmù. Àwa sì gbà á gbọ́! Àwọn ìpele ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí à ń ṣe ń kọ́ni ní ohun tó jẹ́ tuntun nínú géèmù yìí nìkan, wọ́n ti gbà pé olúwarẹ̀ gbá géèmù mẹ́wàá ṣáájú. Ìyẹn ni pé ohun tí pẹpẹ ìtajà bẹ̀rẹ̀ ní 1985, páàdì ló ń parí rẹ̀. Ní 2007, Jing Feng, Ian Spence àti Jay Pratt ní Yunifásítì Toronto mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í gbá géèmù, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n ní kí apá kan gbá géèmù ogun kan, Medal of Honor: Pacific Assault, fún wákàtí 10, kí apá kejì gbá géèmù tí kò ní ìjà nínú. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin ló wà lẹ́yìn nínú ìdánwò yíyí nǹkan lójú ọkàn àti ìdánwò fífi ojú sílẹ̀ káàkiri. Lẹ́yìn wákàtí 10 yẹn, àwọn obìnrin tó gbá géèmù ogun ló jèrè jù. Àlàfo tó wà láàárín wọn àti ọkùnrin dín kù púpọ̀, èrè náà ṣì wà lára wọn nígbà tí wọ́n tún dán wọn wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àwọn tó kópa kò pọ̀, n kò sì ní fi ìwádìí kan ṣoṣo di gbogbo ẹrù. Ṣùgbọ́n wákàtí 10! Ohun tí a ń pè ní àbùdá obìnrin kò yẹ kó yí padà láàárín àkókò tí ọmọkùnrin kan lè lò nídìí géèmù ní òpin ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn ọwọ́, ohùn ló kù. Jeffrey Kuznekoff àti Lindsey Rose ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013. Wọ́n wọ inú eré Halo 3 lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́nà mẹ́ta: nígbà mìíràn wọ́n á lo ohùn obìnrin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, nígbà mìíràn ohùn ọkùnrin, nígbà mìíràn wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ohùn méjèèjì ń sọ. Ọ̀rọ̀ burúkú tí wọ́n sọ sí ohùn obìnrin jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ohùn ọkùnrin. Abájọ tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń pa ẹ̀rọ ohùn wọn, tí wọ́n ń fi orúkọ ọkùnrin bojú. Nínú ìwádìí tí Dmitri Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí EverQuest II ní 2009, àwọn obìnrin ló ń lo wákàtí tó pọ̀ jù nídìí géèmù náà, àwọn náà ló sì ń dín iye wákàtí tí wọ́n lò kù jù nígbà tí wọ́n bi wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn nǹkan yìí, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Kò sí píǹkì tó lè wo ìyẹn sàn. Ohun tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ wà ní ìkáwọ́ wa. Ní 2019, géèmù Apex Legends fi bọ́tìnnì kan sí i tí èèyàn fi ń na ọwọ́ sí ọ̀tá, sí ohun ìjà tàbí sí ibi tó fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà, tí wọ́n á sì yé ara wọn láìsí ẹni tó la ẹnu. Gbogbo ẹni tó ń gbá a ló jàǹfààní rẹ̀, títí kan odi àti ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ti ń sá fún ìwọ̀sí ló rí ìtura tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Mo mọ èsì tí àwọn kan á fọ̀: pé obìnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn agbágéèmù ní Amẹ́ríkà, pé kí la tún ń wá? Òótọ́ ni iye yẹn. Ó kó ẹni tó ń fi Candy Crush pa ìṣẹ́jú márùn-ún nínú bọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ ẹni tó ń fi òru ọjọ́ kan kọ́ ìlú sínú Minecraft, mi ò sì fojú kéré ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n iye náà kò sọ fún wa bóyá ọmọbìnrin tó fẹ́ kọjá láti ọ̀kan sí èkejì rí ọ̀nà. Minecraft fúnra rẹ̀ ní ẹ̀dá kan ṣoṣo, Steve, títí di 2014 kí wọ́n tó fi Alex kún un.

Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ máa ń mú ọ̀rọ̀ owó wá. Ní 2014, Ubisoft sọ pé kò sí obìnrin tí èèyàn lè yàn nínú eré ẹlẹ́ni-mẹ́rin ti Assassin's Creed Unity nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ yóò pọ̀ jù, ìrìn àti ìṣesí á di ìlọ́po méjì. Jonathan Cooper, tó ti ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an nínú Assassin's Creed III, dáhùn ní gbangba pé iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì ni. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fi ìrìn kan náà wọ egungun ara ẹ̀dá méjì nínú kọ̀ǹpútà mọ̀ pé Cooper kò purọ́. Ọdún kan lẹ́yìn náà, akọni obìnrin kan, Evie Frye, wà nínú Assassin's Creed Syndicate. Wọ́n tún ní ọkùnrin ò ní ra géèmù tó bá jẹ́ obìnrin ni akọni rẹ̀. Lara Croft, akọni géèmù tó jẹ́ obìnrin, ti dá wọn lóhùn láti 1996. Horizon Zero Dawn tí Guerrilla ṣe ní Amsterdam ní 2017, Aloy ni akọni rẹ̀, ó sì ti tà ju mílíọ̀nù 20 lọ.

Èyí tó kàn wá nílé jù ni bọ́ọ̀lù. Ní September 2015 ni àwọn ikọ̀ obìnrin kọ́kọ́ wọ géèmù FIFA, nínú FIFA 16, ikọ̀ orílẹ̀-èdè 12. Kò sí ọ̀kankan láti Áfíríkà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún tó ṣáájú ni Super Falcons, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà, gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Abẹ́òkúta, bọ́ọ̀lù ni géèmù tí ọ̀dọ́ ń gbá jù, ibi tí wọ́n sì ti ń gbá a ni ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò, tẹlifíṣọ̀n méjì mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ níta, bẹ́ńṣì, owó fún eré kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fìdí rẹmi á dìde fún ẹlòmíràn. Ariwo àti ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ dùn mọ́ ọmọkùnrin. Ọmọbìnrin tó bá yọjú síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni ẹni tó ń wá. Àkókò náà sì tún wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, bí ọmọkùnrin bá ti ilé ìwé dé, ó lè jáde. Ọmọbìnrin ní abọ́ láti fọ̀, omi láti pọn, àbúrò láti gbé pọ̀n. Àyè tirẹ̀ máa ń já ní kéékèèké, ìṣẹ́jú mẹ́wàá níhìn-ín, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́hùn-ún. Géèmù tó ní o kò lè dúró àfi bí o bá dé ibi tí òun yàn, tàbí tó ń fìyà jẹ ọ́ bí o bá fi ẹgbẹ́ rẹ sílẹ̀ láàárín ìdíje nítorí pé ìyá rẹ pè ọ́, ti yan ẹni tó máa gbá a. Jíjẹ́ kí èèyàn dá eré dúró níbikíbi, kó sì bá a bó ṣe fi í sílẹ̀, kò ná iléeṣẹ́ ní nǹkan púpọ̀.

Àwọn òbí á sọ pé bí géèmù bá ti ń gba àkókò ọmọkùnrin tó báyìí, kí ló dé tí a tún fẹ́ kó o ran ọmọbìnrin? Ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, mi ò sì ní sọ pé kí ọmọ kankan fi ìwé sílẹ̀ torí géèmù. Ṣùgbọ́n nídìí géèmù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọ́kọ́ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà gba àṣẹ, pé èèyàn lè tú inú rẹ̀ wò. Jane Margolis àti Allan Fisher, nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Carnegie Mellon, rí i pé àwọn ọkùnrin tó ń wọ ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń fọwọ́ tú u láti kékeré nínú yàrá wọn, nígbà tí àwọn obìnrin dé pẹ̀lú làákàyè kan náà láìní ìfarakanra yẹn. Yunifásítì náà yí ọ̀nà ìgbaniwọlé àti kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ padà kí ẹni tí kò ní ìrírí má bàa sọnù. Obìnrin tó wọlé sí ẹ̀ka náà gòkè láti 7 nínú 100 ní 1995 sí 42 ní 2000. Ẹ̀dá obìnrin kò yí padà láàárín ọdún márùn-ún yẹn.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú píǹkì o. Ọmọ tó bá fẹ́ràn rẹ̀, kó rí i, kó rí i dáadáa, ká sì fi ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ṣe é fún un bí a ṣe ń ṣe ti géèmù ogun. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí kéré sí kíkọ́ yàrá ọ̀tọ̀, ó sì nira jù ú lọ. Bí a bá ń dán géèmù wò kó tó jáde, ẹ jẹ́ ká pe ọmọbìnrin tí kò di páàdì mú rí, kì í ṣe ẹyọ kan, kì í sì ṣe ọmọ ọ̀gá. Ká jókòó sẹ́yìn, ká má kọ́ ọ, ká má sì rẹ́rìn-ín. Ká wo ibi tí ojú rẹ̀ ti wá bọ́tìnnì tì, ibi tó ti kú láìmọ ìdí, ibi tó ti wá ẹ̀dá tó jọ ọ́ tí kò rí i, àti ìgbà tó fẹ́ dúró tí géèmù kò gbà fún un. Ká kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ká sì tún ibẹ̀ ṣe kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò kankan lórí àwọ̀ páálí.